Àwo tí Ó Rì, Òfin tí Kò Rì

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ kan tí mo fẹ́ rà lẹ́yìn Ìgàndó, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé a óò sọ̀rọ̀ owó, a óò wo ìwé, a óò sì wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ náà kò mẹ́nu ba iye. Bàbá náà fìdí kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún wa, ó sì mú ìtàn bọnu: ọdẹ kan ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ó tọ ipa odò títí ó fi dé inú igbó, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó pàgọ́, ó sì bímọ. Láti orí ọmọ náà ni ó ti ń ka ìran bọ̀ títí ó fi kan ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹbí mìíràn yọjú. Wọ́n ní tiwọn ni ilẹ̀ náà. Àwọn náà kò mú ìwé wá. Ọdẹ tiwọn ni wọ́n mú wá. Ilé-Ifẹ̀ ni ọdẹ tiwọn náà ti wá, òun náà kò bá ẹnikẹ́ni nínú igbó, ṣùgbọ́n àgọ́ tirẹ̀ ṣáájú ti ẹni àkọ́kọ́. Mo kó owó mi padà sílé.

Inú bí mi ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀ ni mo tó kíyè sí i pé àwọn ẹbí méjèèjì tí ń bá ara wọn jà yìí fẹnu kò lórí ohun kan: wọ́n gbà pé ìtàn ni ìwé ilẹ̀. Báwo ni ìtàn ṣe di ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òfin? Bí a bá sì gbé ìtàn àtijọ́ àti òfin àtijọ́ ka iwájú ara wọn, kí ni wọn yóò sọ fún wa nípa àwọn tí ó ni wọ́n? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn nípa àwọn Àwórì, tí í ṣe onílẹ̀ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó, Ìdímù àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní agbègbè tí à ń pè ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí.

Àwọn àgbà ní àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe máa ń ka àrọ́bá ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn mìíràn sì dà á nù bí omi ìṣanwọ́. Ọ̀nà kẹta wà, àwọn tí ń kọ́ nípa ìlú Róòmù ni wọ́n sì ti tọ̀ ọ́ pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ wọn díẹ̀ kí a tó padà sílé.

Àwọn ará Róòmù ní ìbejì méjì ni ó tẹ ìlú wọn dó, Romulus àti Remus, tí abo ìkookò fún lọ́mú. Nígbà tí Romulus ń mọ odi ìlú, Remus fò ó kọjá láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn náà, Romulus ya ibì kan sọ́tọ̀ lórí òkè fún àwọn ìsáǹsá láti gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ọkùnrin pọ̀ tán tí obìnrin kò sí, wọ́n pe àwọn ará Sabine wá síbi ọdún, wọ́n sì gbé àwọn ọmọbìnrin wọn lọ. Ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fún ìtàn yìí. Livy, òpìtàn tí ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ó lókìkí jù, kò tí ì dé ayé títí ó fi kù díẹ̀ kí ó pé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Òun fúnra rẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀, òun kò sì ní já a ní koro. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ gbà pé láti ara orúkọ ìlú ni wọ́n ti fa orúkọ Romulus yọ, pé kì í ṣe Romulus ni ó fún ìlú lórúkọ.

Síbẹ̀, ìtàn náà wúlò. Ẹni tí ó ń sọ pé wọ́n pa ọmọ ìyá ẹni nítorí pé ó fo odi, ohun tí ó ń sọ ni pé ààlà ìlú ju ẹ̀jẹ̀ ìbátan lọ lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó sì gbà pé ìsáǹsá àti ìyàwó tí a fi ipá gbé ni àwọn baba ńlá òun, ó mọ̀ pé àdàlù ni ìlú òun láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Òfin wọn náà tún sọ tirẹ̀. Ní ọdún 451 sí 450 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́yìn ìjà pípẹ́ láàárín àwọn mẹ̀kúnnù àti àwọn ìdílé ọlọ́lá, wọ́n kọ òfin ìlú sára wàláà méjìlá, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àjákù rẹ̀ tí ó kù fi ayé ìgbà náà hàn kedere. Òfin náà sọ pé bí baba bá ta ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún ajigbèsè ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn èyí, olówó lè dè é mọ́lẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́, bí kò bá sì rí ẹni gbà á sílẹ̀, wọ́n lè tà á sí òdìkejì odò Tiber. Ó ka fífi ọfọ̀ ba irè oko ẹlòmíràn jẹ́ sí ọ̀ràn. Ó kọ̀ fún àwọn obìnrin láti ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn níbi òkú. A kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnì kan kò ṣe rí. Bí òfin bá ka títa ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, a jẹ́ pé àwọn baba kan ń ta ọmọ. Bí òfin bá ní kí obìnrin má ya ẹ̀rẹ̀kẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ń ya á.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé: ìtàn a máa sọ ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n sí, òfin a máa sọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù láàárín ara wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti ọ̀kan tí kò gbọ́ ti èkejì, agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni.

Ó wá di ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn Àwórì ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ni ó kó àwọn ènìyàn jáde láti Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n gbé àwo kan lé orí omi, wọ́n sì ní ibi tí àwo náà bá rì sí ni àwọn yóò tẹ̀dó. Àwo náà ń lọ lójú odò Ògùn, àwọn ènìyàn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń dúró níhìn-ín, ó ń dúró lọ́hùn-ún, títí ó fi rì. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè àwo, wọ́n ní àwo ti rì, ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì sì ti jáde. Ìṣẹrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ó rì sí. Àwọn mìíràn ní ó di Ìdúmọ̀tà ní Èkó kí ó tó rì. Lẹ́yìn náà ni ogun lé Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Èbúté-Mẹ́ta, láti ibẹ̀ sí erékùṣù Ìddó, ó sì pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn kan ń ka àwọn ọmọ náà, àwọn mìíràn ń kà wọ́n sí méjìlélọ́gbọ̀n.

Bí ó ti rí pẹ̀lú Romulus, n kò rò pé ó yẹ kí a máa wá àwo náà kiri. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ Àwórì ti wà kí ìtàn àwo tó dé láti túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ aṣíwájú náà. Ògúnfúnminíre: Ògún ni ó fún mi ní ire. Orúkọ ọdẹ ni, orúkọ ẹni tí irin ń bọ́. Oyè rẹ̀ ni Ọlọ́fin. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí ó ni òfin, àwọn mìíràn so ó mọ́ ààfin. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, inú ẹnì kan ṣoṣo ni ìtàn ti pa ọdẹ àti olùdájọ́ pọ̀. Lójú àwọn tí ó sọ ìtàn yìí, ẹni tí ó mọ igbó, tí ó lè bọ́ àwọn ènìyàn, tí ó sì lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹranko àti ogun, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ fún wọn.

Ẹ tún wo odò. Àwọn ará Róòmù fi ebè ìtúlẹ̀ sàmì sí ibi tí odi wọn yóò gbà. Àwọn Àwórì jẹ́ kí omi yan ilẹ̀ fún wọn. Ìtàn àwọn tí ọ̀nà wọn jẹ́ odò ni èyí. Àwọn ìlú wọn àtijọ́ sì fi í hàn, nítorí ẹ̀bá odò àti ọ̀sà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Síwájú sí i, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni òun yan ibi tí àwo rì sí. Bí aṣíwájú bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ilẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lè bá a jiyàn. Bí omi bá yàn án, àríyànjiyàn parí. Ọgbọ́n òṣèlú ni ìtàn yìí.

Ìyàtọ̀ tí ó wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọ ìyá. Ní Róòmù, àbúrò kú lórí ààlà. Ní ọ̀dọ̀ Àwórì, baba pín ilẹ̀, oníkálukú gba tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó kú. Láti inú ìpín yẹn ni àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ ti Èkó, àwọn onífìlà funfun bí Olúwa, Àrọ́mirẹ́, Olóto àti Ọníkòyí, ti ń tọ́ka sí ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀. Ọba Èkó, tí ìdílé rẹ̀ tan mọ́ Ìbíní, jókòó sórí oyè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ. Àwùjọ tí ọba wà lọ́tọ̀ tí onílẹ̀ wà lọ́tọ̀ ni ìtàn náà fi hàn wá, irú èyí kò sì wọ́pọ̀.

Ìtàn yìí kò pẹ́ kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, tí í ṣe Olóyè Olúwa, pe ẹjọ́ lórí owó gbà-má-bínú. Àwọn ilé-ẹjọ́ ní ilé kò fún un ní ohun tí ó ń bèèrè, ni òun àti Herbert Macaulay bá wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba dá ẹjọ́ náà fún un. Wọ́n sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ènìyàn kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa. Ti ìlú ni, ti abúlé ni, tàbí ti ẹbí, olóyè kàn ń bójú tó o fún wọn ni. Nínú ìdájọ́ náà ni adájọ́ Haldane ti sọ ìtàn Ọlọ́fin, bí ó ṣe pín erékùṣù àti apá kan òkè odò fún àwọn olóyè bí mẹ́rìndínlógún. Ó fi ìtàn náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ní 1603 ni dókítà ará Jámánì kan, Andreas Josua Ulsheimer, dé Èkó tí ó sì bá àwọn ọmọ ogun Ìbíní níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́fin bá ṣáájú ti Ìbíní gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìtàn ti wí, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ ju bí adájọ́ ti rò lọ. Ṣùgbọ́n kò yí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ padà: àrọ́bá ti wọ inú ìwé ẹjọ́, ó ti di ẹ̀rí.

Òfin ilẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ti wà tipẹ́. Ẹlẹ́sìí ti Odògbólú ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kan tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní 1912, pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ ń bẹ láàyè, tí àìmọye wọn kò tí ì dáyé. Lára èyí ni ìlànà ìṣákọ́lẹ̀ ti jáde. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko yóò gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Lọ́dọọdún yóò gbé iṣu, epo tàbí obì wá. Owó ilé kọ́ ni ìṣákọ́lẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ni, pé mo mọ̀ pé ìwọ ni o ni ín. Àlejò náà kò gbọdọ̀ gbin igi tí ó máa ń pẹ́ láìgbàṣẹ, bí ó bá sì sẹ́ onílẹ̀, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Róòmù, ẹni tí ó bá lo ilẹ̀ fún ọdún méjì láìsí ìjà lè di onílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọgọ́rùn-ún ọdún kò sọ àlejò di onílẹ̀.

Níhìn-ín ni òfin ti já ìtàn nírọ́. Ìtàn ní igbó ṣófo, ọdẹ kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìlú tí kò ní àlejò ń fi ìṣákọ́lẹ̀ ṣe? Òfin tí ó mọ ìwọ̀n iṣu àlejò, tí ó mọ irú igi tí ó lè gbìn, tí ó sì mọ ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ó sẹ́ onílẹ̀, òfin àwọn tí àlejò ń wọ̀ lọ́dọ̀ láìdáwọ́ dúró ni. Ẹ̀rù tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, àlejò lè pọ̀ ju onílé lọ.

Bákan náà ni ìtàn ní Ọlọ́fin pín ilẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ẹ wá wo òfin ogún. Ìdí-igi ni a máa ń lò: iye ìyá tí ó bímọ fún òkú ni a ó fi pín in, kì í ṣe iye ọmọ. Bí èyí bá ń dá ìjà sílẹ̀, olórí ẹbí lè sọ pé kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, ẹni tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní Èkó, ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sókè. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ sí ìdí-igi ní 1958, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Àwọn tí kò jà rí lórí ìpín kì í ní ọ̀nà méjì láti pín nǹkan. Àwọn orogún àti àwọn ọmọ wọn, tí ìtàn kò dárúkọ ìyá kankan nínú wọn, ni òfin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà yẹ fún àkíyèsí. Òfin Wàláà Méjìlá fi obìnrin sábẹ́ alágbàtọ́ títí ayé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti dàgbà. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí adájọ́ pe àwọn ìjòyè Èkó wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, ohun tí ó jáde ni pé lẹ́yìn ikú dáwódù, ọmọ tí ó bá dàgbà jù, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, lè di olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n kí a má fi èyí yangàn jù. Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí ìyàwó jogún ọkọ rẹ̀, tí ó sì ń ṣú opó fún ẹbí ọkọ. Ọmọbìnrin ilé ni òfin náà mọ̀, kò mọ ìyàwó ilé.

Ní ti gbèsè, ajigbèsè Róòmù lè di ẹrú lókè odò. Ajigbèsè tiwa ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé, kì í ṣe ẹrú, wọn kì í sì í tà á, ọjọ́ tí owó bá pé ni ó ń lọ sílé. Bí gbèsè bá le jù, olówó lè rán ológò lọ jókòó sí ilé ajigbèsè, tí yóò máa pa wọ́n ní adìyẹ, tí yóò sì máa yọ wọ́n lẹ́nu títí wọn yóò fi sanwó. Samuel Johnson kọ nípa àṣà méjèèjì nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìtìjú láàárín aládùúgbò ni ọlọ́pàá irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ni ó mú kí ààlè ṣiṣẹ́: akísà, ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo tí a so kọ́, ẹni tí ó rí i mọ̀ pé nǹkan náà ní olówó.

Kí ni gbogbo èyí wá já mọ́ fún wa? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sí Alímọ̀ṣọ́, àlejò ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí àwọn baba ńlá bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ṣì ń gba ìtàn. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè fi mọ onílẹ̀, ìtàn àbáláyé ni ó ṣáájú. Bí ìtàn méjì bá sì forí gbárí, ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, tí ó ti Gold Coast lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, ni ó sọ ohun tí a ó ṣe: kí adájọ́ má wo ẹnu tàbí ìrísí ẹlẹ́rìí, kí ó wo ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún àìpẹ́ yìí, kí ó mọ èyí tí ó bá wọn mu jù.

Ìdájọ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ó ti kó bá ìtàn. Láti ìgbà tí àrọ́bá ti di ẹ̀rí, ó ti di ọjà. Ẹbí tí ó ní ọdẹ kan ní láti rí i dájú pé kò sí ọdẹ tí ó ṣáájú tirẹ̀. Ohun gbogbo tí kò ṣe wọ́n láǹfààní, wọ́n ń gé e dànù: ìyá tí ó wá láti ìlú mìíràn, àlejò tí wọ́n gbà tọwọ́tẹsẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ di ọmọ ilé, ẹni tí ọdẹ náà bá nínú igbó. Ìtàn tí mo gbọ́ ní Ìgàndó lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn tí wọ́n ti gé ni. Òfin tí ìjọba Èkó ṣe ní 2016 láti dẹ́kun ìwà ipá àwọn ọmọ onílẹ̀ lè mú oníjàgídíjàgan, kò lè so ohun tí a ti gé padà. Títí di òní, bí ènìyàn bá ń lọ láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, yóò rí i lára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ààlè ayé òde òní nìyẹn. Ṣùgbọ́n akísà lásán ti tó ààlè àtijọ́, nítorí pé àwọn tí ń rí i mọ ara wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ní pàtàkì ẹ̀yin ọmọ Àwórì: ẹ bi wọ́n ní apá ìtàn tí kò lówó lórí. Ẹ bèèrè orúkọ àwọn ìyá. Ẹ bèèrè orúkọ àlejò àkọ́kọ́ tí ó gbé iṣu wá, àti irú iṣu tí ó gbé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ta ilẹ̀.

Èmi padà rí ilẹ̀ rà níbòmíràn. Nígbà tí olórí ẹbí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdẹ tirẹ̀, mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Mo wá bi í pé ta ni ọdẹ náà bá níbẹ̀. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ ni ó bá níbẹ̀.”